Ọkọ Mi Yá Ara Rẹ̀ Lówó

Ọkọ mi, Verlyn Tesch, kò ní báǹkì, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta rèé tó ti ń rìn bí ẹni tó ní in. Ilé iṣẹ́ wàràkàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń gé wàrà, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀.

Èmi ní tèmi, oúnjẹ ọmọ iléèwé ni mo ń sè. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń ro ìkòkò, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún: kí èmi àti Verlyn fẹ̀yìn tì, ká jọ wakọ̀ lọ sí Arizona, kí n lo ìgbà òtútù kan péré láìkó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò bèèrè ààfin. Oòrùn ni mo ń bèèrè, èyí tí Ọlọ́run ń fún àwọn ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Verlyn gbà. Ó ní a máa lọ, ṣùgbọ́n òun ò ní sun orí ibùsùn hòtẹ́ẹ̀lì tí àjèjì ti sùn sí. Ilé onítáyà la máa rà, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó rí ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n dọ́là. Ó ní ibùsùn, ó ní sítóòfù, ó sì ní ilé ìwẹ̀ tí Verlyn ò lè yí padà nínú rẹ̀ tó bá ti wọlé.

Ibo ni owó ti máa wá? Báǹkì máa gba èlé, olè jíjà pọ́ńbélé sì ni Verlyn ka èlé sí. Owó ìfẹ̀yìntì tèmi ló kọ́kọ́ tẹjú mọ́, èyí tí mo dá ṣí fúnra mi.

“Màmá, tìẹ yìí ńkọ́? Ṣé a ò lè yá nínú ẹ̀?” Màmá ló ń pè mí láti ìgbà tí a ti bímọ.

“Wọn kì í yá irú tèmi. Tóo bá ti mú un, o ti mú un nìyẹn, wàá sì san owó orí lé e.”

Bó ṣe gbọ́ owó orí, ó gbójú kúrò lórí owó mi. Kò tún mẹ́nu bà á mọ́.

Ṣùgbọ́n ti ilé iṣẹ́ wàràkàṣì yàtọ̀. Òṣìṣẹ́ lè yá nínú owó ìfẹ̀yìntì ara rẹ̀, kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Èlé wà lórí rẹ̀ o, àmọ́ àpò òṣìṣẹ́ náà ni èlé ọ̀hún ń padà sí. Ọjọ́ tí Verlyn gbọ́ èyí, kò lè jẹun.

“O gbọ́, Màmá? Èmi ni mo máa yá ara mi lówó, èmi náà ni mo máa san èlé fún ara mi! Ọjọ́ wo ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún wa?”

“Tóò bá wá rí i san ńkọ́? Ta ló máa wá kan ilẹ̀kùn wa, ìwọ náà?”

“Ìwọ ṣáà buwọ́ lùwé.”

Òfin wọn ni pé ìyàwó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i, torí oòrùn Arizona ti ń tàn sí mi lójú.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, níbi tí gbogbo ìlú ti ń jẹ ẹja díndín, Verlyn di olùkọ́. Ó mú ife búrándì dání, ó ń ṣàlàyé èlé fún àwọn ẹni ẹlẹ́ni tó wá jẹ ẹja tiwọn. Tí ẹnikẹ́ni bá bi í pé èló ló yá, á ní, “Ẹ lọ bi báǹkì mi,” á sì nàka sí àyà ara rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọ̀dùnkún mi.

A gbé ilé onítáyà dé, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Nígbà ooru, a máa ń gbé àga síwájú rẹ̀, à ń wo ilé ara wa lọ́ọ̀ọ́kán. Verlyn ní ìgbafẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí mo fi iṣẹ́ iléèwé sílẹ̀, Verlyn ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, orúnkún rẹ̀ sì ti ń dún tó bá ń gun àtẹ̀gùn. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ń lọ. Wọ́n ra kéèkì, wọ́n kọ “Ó dìgbóṣe, Verlyn” sí i lórí, wọ́n sì fún un ní àga aláká, èyí tó ṣeé ká kó sínú ọkọ̀, tó sì ní ibi tí èèyàn ń gbé ife sí. Ibi tó ti ń jẹ kéèkì ni Brielle, ọmọbìnrin tó ń bójú tó owó òṣìṣẹ́, ti wá bá wa.

“Ẹ kú oríire o, Ọ̀gbẹ́ni Tesch. Owó tẹ́ ẹ yá ńkọ́? Báwo lẹ ṣe fẹ́ san ìyókù?”

“Ẹ ṣáà máa yọ ọ́ lọ.”

“Ká máa yọ ọ́ nínú kí ni? Ẹ ò ní gbowó iṣẹ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti lọ, gbogbo ẹ̀ lẹ máa san pa pọ̀ kí àsìkò owó orí ọdún tó ń bọ̀ tó pé. Tẹ́ ẹ ò bá san án, ìjọba á kà á sí owó tó wọlé fún yín, wọ́n á sì gba owó orí lórí ẹ̀.”

Verlyn gbé kéèkì sílẹ̀.

Mo bi Brielle pé èló ni owó orí náà máa jẹ́. Ó ní kò ní ju bí ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là lọ. Ọkàn mi balẹ̀. A ní in nílé.

“Verlyn,” mo sọ fún un nínú ọkọ̀, “san án, ká máa lọ. Mo bẹ̀ ọ́.”

“Kí n san owó orí lórí owó ara mi? Èyí tí mo yá lọ́wọ́ ara mi? Láéláé! Ọdún méjì péré ló kù kí n san án tán, Màmá. Kí ló ń jẹ́ ọdún méjì?”

“Orúnkún ẹ ńkọ́?”

“Orúnkún mi kì í san owó orí.”

Lọ́jọ́ Ajé, ọkùnrin tí wọ́n ti kí pé ó dìgbóṣe padà sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Àga aláká yẹn ló ń jókòó sí jẹun ọ̀sán.

Inú bí mi, mo sì sunkún. Kì í ṣe torí owó. Ohun tó dùn mí ni pé Verlyn gbé ìfẹ́ mi àti ìkórìíra owó orí sórí òṣùwọ̀n, mo sì fúyẹ́.

Lọ́jọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ já, mo so ilé onítáyà mọ́ ọkọ̀ ńlá, mo fi ọkọ̀ kékeré sílẹ̀ fún un láti máa gbé lọ síbi iṣẹ́. Mo to ẹrù rẹ̀ mọ́ tèmi. Mo gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi. Nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́, mo ti tan ọkọ̀.

“Màmá, kí lèyí? Àwa méjèèjì la ní a máa jọ lọ!”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Wọlé.”

Ó dúró sínú yìnyín, ó ń wo ìjókòó náà. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Mo gbàdúrà lóòótọ́ pé kó wọlé, èmi tí mo ti ń fi Verlyn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún mẹ́ta.

“Mo níṣẹ́ lọ́la,” ó ní.

Mo na ìrọ̀rí rẹ̀ sí i láti ojú fèrèsé, torí kì í lè sùn láìsí i. Ó gbà á, ó dì í mọ́ra. Mo sì wakọ̀ lọ.