Ìyá Yín Ṣì Wà Lórí Igi

Màámi, ẹ dákun, ẹ jókòó kí n tó gbàgbé àlá yìí! Kí n tó sùn, mo ka ibi tí olè orí àgbélébùú ti ní kí Jésù rántí òun, mo sì tún ka ìwé àròsọ mi, èyí tó kún fún ọba tó ń gun dírágónì. Àfi bí mo ṣe rí igi máńgòrò tó hù lórí tábìlì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì wa! Àwọn ọba inú ìwé mi jókòó sórí ẹ̀ka, ìran lé ìran, dírágónì wọn ń fa máńgòrò mu. Pásítọ̀ ní ẹni tí mo bá fi oríkì pè nìkan ló máa sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Ha, mo bẹ̀rẹ̀! Mo ki bàbá, mo ki ọmọ, mo ki ọmọ ọmọ, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ìjọ ń pàtẹ́wọ́, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ó wá ku ìyá yín nìkan lókè, àwọn tí n ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà lórí igi náà. Ẹ̀ka tí wọ́n jókòó lé ti ń ya.

Wọ́n ní, “Èmi ńkọ́, ọmọ mi?”

Mo ní, “Màmá Àgbà, ẹ sọ̀ kalẹ̀!”

“Màmá àgbà pọ̀ láyé. Oríkì mi ni kí o pè.”

N ò mọ oríkì wọn rárá, mo bá jí.

Màámi, ẹ tètè sọ oríkì ìyá yín fún mi, kí n padà lọ sùn!