Ẹ Pa Lésà Náà

Monílọ́lá ló ṣe ìwádìí náà, ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́. Á tú gáàsì sínú páìpù irin, á mú páìpù náà gbóná títí yóò fi pọ́n bí ẹyin iná, á wá tan iná lésà sí i láti fọ́ mólékù gáàsì náà sí wẹ́wẹ́. Nígbà tó yọrí, ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣínà, gbé e jáde fáyé. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ló fi síbẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni Monílọ́lá pa lésà láàárín iṣẹ́, tó rí i pé gáàsì náà ṣì ń fọ́. Ooru àti ìpẹtà inú páìpù ló ń fọ́ ọ. Lésà ò ṣe nǹkan kan. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

"Sà, nípa ìwádìí yẹn..."

"Ìwádìí mi?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ò gbójú sókè. "Mo ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ. Máa lọ."

Ó lọ. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní fíṣíìsì ní Ọ̀bà-Ilé, kò sì sọ ohun tó mọ̀ fún ẹnì kankan. Bí wọ́n bá ń yin Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí rédíò, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fẹ́ kí ọkùnrin náà gòkè dáadáa kí òun tó já a lulẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣèpàdé ní ìlú Oǹdó, wọ́n ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n wá ṣe ìwádìí náà lójú gbogbo wọn. Monílọ́lá náà lọ. Páìpù pọ́n, lésà tàn, ìlà pupa tó ń fi hàn bí gáàsì ṣe ń fọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Monílọ́lá dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pa lésà náà."

"Kò nídìí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Alága ìpàdé ni Màmá Bísọ́dún, àgbà onímọ̀ tó kọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ níwèé. Ó ní, "Adéṣínà, pa á, ká wò ó."

Ó pa á. Ìlà pupa náà ò dúró. Ó ń gòkè lọ bó ṣe ń gòkè tẹ́lẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bá Monílọ́lá níta, òógùn ti rin ẹ̀wù rẹ̀. "O mọ̀, o ò sì sọ fún mi."

"Mo wá bá yín, sà. Ẹ ò tiẹ̀ wojú mi."

"Ìwọ lo ṣiṣẹ́ yẹn. O ti ba tìrẹ náà jẹ́."

"Mo mọ̀."

Ó mọ̀ lóòótọ́, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò tó ń padà sí Àkúrẹ́, ojú ọkùnrin náà nígbà tí ìlà kọ̀ tí ò dúró ló ń rí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ní kí dẹ́rẹ́bà rọra máa wa ọkọ̀, kí adùn náà má baà tètè tán.