Àwo Eérú Ratomir

Ọkọ̀ tí bàbá Desanka àti Ratomir fi sílẹ̀ fún wọn ti ń bú ramúramù láti oṣù Kẹjọ. Tó bá ti ń sáré díẹ̀, ariwo á gba inú rẹ̀ kan bí ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo, débi pé ẹni tó jókòó níwájú á máa lanu rẹpẹtẹ kí ẹni tó wà lẹ́yìn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé bíárìn, irin róbótó tó ń jẹ́ kí táyà yí, ti jẹ tán nínú ọ̀kan lára táyà ẹ̀yìn. Èwo nínú méjèèjì? Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti dé.

Desanka ní kí wọ́n tètè tún un ṣe, torí Sátidé ni ogójì ọjọ́ tí ìyá wọn kú máa pé. Wọ́n gbọ́dọ̀ dé itẹ́ òkú ní abúlé Kremenac kí ọ̀sán tó pọ́n, tàwọn ti àbẹ́là, wáìnì àti àlìkámà sísè tí wọ́n fi ṣúgà pò. Orí òkè ni abúlé náà wà, bọ́ọ̀sì kì í sì í gun ún ní Sátidé. Tí ọkọ̀ bá dákú lójú ọ̀nà, àlùfáà á gbàdúrà lórí ibojì tí ọmọ kankan ò dúró tì. Desanka ò lè gba ìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi tọ́jú ìyá náà.

Ọwọ́ Ratomir, àbúrò rẹ̀, ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà. Kí ló dé? Ọkùnrin ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jókòó sẹ́yìn tábìlì níbi iṣẹ́ ìjọba, ohun tó wúwo jù tó gbé níbẹ̀ ni òǹtẹ̀. Desanka ní tirẹ̀ wa bọ́ọ̀sì nígboro Užice fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Síbẹ̀, tí nǹkan bá bàjẹ́ nílé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyá wọn ń sọ títí tó fi kú: "Ẹ jẹ́ kí Ratomir wò ó." Ratomir á wò ó lóòótọ́. Á wò ó, á mu ọtí lé e, á gba ilé lọ. Desanka á wá tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ìyá á sì gbàdúrà fún Ratomir.

Ní Tọ́sìdeè, Ratomir wọ aṣọ iṣẹ́ tuntun tí ojú àyọ́n ṣì hàn lára rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Živojin aládùúgbò rẹ̀ tó ń gbé lókè ilé rẹ̀, tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì, dúró lé e lórí pẹ̀lú ìgò ọtí líle rakija.

"Táyà òsì ni," Ratomir wí. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan o.

"Òsì pọ́ńbélé!" Živojin gbè é lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀tún ni," Desanka dáhùn. "Tí o bá yà sí òsì, ariwo náà ń le sí i. Tí ọkọ̀ bá yà sí òsì, apá ọ̀tún ni ẹrù ń tẹ̀. Èyí tí ẹrù tẹ̀ ló ń ké."

Ratomir gbórí sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, tí eyín bá ń dùn yín lápá òsì, ṣé apá ọ̀tún lẹ máa ń fi han dókítà?"

Živojin rẹ́rìn-ín títí ọtí fi dà sí i láyà.

"Tíṣà, ẹ rọra o," Desanka wí fún un. "Ọkọ̀ kì í ṣe máàpù."

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n dìbò! Ọkùnrin méjì gbé ọwọ́ sókè nítorí bíárìn, bíi pé bíárìn á bẹ̀rù ìbò. Méjì sí ọ̀kan, òsì wọlé. Iṣẹ́ wákàtí kan, láàárọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n parí. Ratomir de bíárìn tuntun mọ́ táyà òsì, ó nu èyí tó yọ kúrò, ó gbé e sórí tábìlì ní bákónì rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé, ó sì sọ ọ́ di àwo eérú sìgá rẹ̀.

"Ikú tí mo yọ rèé," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá.

Wọ́n wa ọkọ̀ jáde. Ariwo yẹn ò dín ní nǹkan kan. Ratomir yí rédíò sókè.

"Bíárìn tuntun ni," ó ní. "Ó gbọ́dọ̀ kọrin ná kó tó mojú ilé."

Irọ́ náà tóbi débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wu Desanka. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó gbọn eérú inú bíárìn orí tábìlì náà dànù, ó fi ọwọ́ yí i. Ó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dún rárá. Ara rẹ̀ le koko.

"Ratomir, èyí tó dáa lo yọ. Ká tú ọ̀tún lọ́la."

"Lọ́la kẹ̀? Ẹ ò wo kàlẹ́ńdà ni? Lẹ́tà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́! Ṣé ẹ fẹ́ kó àjálù bá wa ni?"

Ní ọjọ́ lẹ́tà pupa, ẹnikẹ́ni kì í gbé irinṣẹ́. Ẹni mímọ́ tó ni ọjọ́ náà á bínú. Ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ pàápàá á wà ní títì pa. Ọtí mímu kì í ṣe iṣẹ́ ṣá. Ẹni mímọ́ kankan ò tíì bínú sí ìyẹn rí, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kí ẹ̀sìn Ratomir gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ní Fúráìdeè, bí Ratomir ṣe gòkè lọ mutí lọ́dọ̀ Živojin, Desanka na ọwọ́ sí bákónì, ó mú àwo eérú. Ó kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì ńlá àárín táyà ọ̀tún díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, kó tó wá fi jáàkì gbé ọkọ̀. Bíárìn tó yọ níbẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń jẹ yanrìn. Ó fi epo fọ àwo eérú Ratomir títí òórùn sìgá fi lọ, ó gbé e wọ ibẹ̀, torí ọ̀kan náà ni tòsì tọ̀tún wọn.

Ìyá àgbà kan tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. "Desanka! Lónìí olónìí, ọjọ́ pupa!"

"Ẹ má dààmú, Ìyá. Ẹni mímọ́ yẹn mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún."

Ní Sátidé, ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́. Ratomir ń fi ọwọ́ gbá sítíárìn. "Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́! Mo sọ àbí mi ò sọ? Ó ti mojú ilé!" Bó ṣe ń wí rèé títí wọ́n fi dé Kremenac. Desanka gbé ìkòkò àlìkámà lé itan.

Àlùfáà ti gbàdúrà tán kí aago mọ́kànlá tó lù. Ratomir gbé ife wáìnì, ó dúró níwájú gbogbo ẹbí, ó da díẹ̀ sórí ibojì.

"Màmá, ẹ sùn re o. Ọkọ̀ fẹ́ dá wa dúró, àmọ́ Ratomir ti wò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Desanka dé egungun. Ó gbé ìkòkò àlìkámà kalẹ̀.

"Ratomir, àwo eérú rẹ dà?"

"Ó wà ní bákónì. Kí ló kan àwo eérú níbí?"

"Kò sí ní bákónì. Bíárìn tó dáa tí o yọ ní òsì ni, ó ti wà nínú táyà ọ̀tún báyìí. Òun ló gbé ẹ dé ibí."

Ó yọ ohun kan tó fi ìwé ìròyìn wé nínú báàgì rẹ̀, ó tú u, ó fi bíárìn ọ̀tún tó ti jẹ tán náà lé ọwọ́ Vukoman, àbúrò ìyá wọn, tó ti fi ogójì ọdún tún katakata ṣe. Vukoman yí i lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo èèyàn tó wà ní itẹ́ òkú ló gbọ́ bó ṣe ń dún.

"Eyín tó dáa lo fà yọ, ọmọ mi," Vukoman wí. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àlùfáà náà fi irùngbọ̀n bo ẹnu.

"Ẹ̀yin… ọjọ́ pupa lẹ fi ṣiṣẹ́?" Ratomir kálòlò.

Desanka kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tí gíríìsì ṣì dúdú lábẹ́ èékánná rẹ̀ gún àbẹ́là mọ́lẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, inú sì ń bí i pé ó ń sunkún.

"Màmá, èmi ni mo tún ọkọ̀ ṣe. Páìpù ilé ìwẹ̀ yẹn, èmi ni. Òrùlé tó ń jò, èmi ni. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí léèrè rí."

Láì wẹ̀yìn, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sẹ́yìn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ratomir tó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé e.