Ṣòkòtò Ọ̀gágun

"Ẹ kà á sókè, bàbá wọn! Tó bá jẹ́ èébú, ẹ jẹ́ kí n tètè gbọ́, kí n tètè sunkún rẹ̀ tán."

Ìyá Aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́. Ọkọ rẹ̀, tó máa ń bá a gé aṣọ, tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó ń wá awò ojú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló rán aṣọ ológun fún fíìmù tuntun kan tó ń fi ogun ṣe yẹ̀yẹ́, èyí tí wọ́n yọ látinú ìwé ìtàn kan tí gbogbo èèyàn ń kà. Àná ni wọ́n lọ wò ó. Bí Ọ̀gágun ṣe yọ, tó ń pàṣẹ kí àwọn ọmọ ogun lọ kú nítorí afárá tí ẹnikẹ́ni kì í gbà, ni ìyá rí i pé ṣòkòtò rẹ̀ kò dé kókósẹ̀. Ínǹṣì mẹ́ta gbáko ló fi kúrú!

Téèpù tí ìyá fi ń wọn èèyàn ló fà á. Áyọ́ọ̀nù ti jó orí rẹ̀ jẹ tipẹ́, orí ínǹṣì mẹ́ta ló ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìyá kò sì jẹ́ sọ ọ́ nù, torí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un. Bí ìyá bá wọn èèyàn tán, bàbá a yọ mẹ́ta kúrò kó tó gé aṣọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, òṣèré tó ṣe Ọ̀gágun ń yin ohùn orin ìyá. Inú ìyá dùn, ló bá yọ mẹ́ta fúnra rẹ̀. Bàbá náà tún yọ mẹ́ta tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni olùdarí fíìmù ti sọ ọ́ gbangba pé bí àwọn oníwèé ìròyìn bá fi aṣọ òun ṣẹ̀sín, kí wọ́n gbàgbé iṣẹ́ fíìmù tó ń bọ̀.

Bàbá kàwé: "'Ìwé náà pa mí lẹ́rìn-ín. Fíìmù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ fi oorun pa mí. Ìbọn ń dún, àwàdà kò dún.'"

"Yéè! Mo gbé!"

"Ìyá wọn, farabalẹ̀. 'Ohun kan ṣoṣo ló pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀: ṣòkòtò Ọ̀gágun. Ó fẹ́ gba gbogbo ayé, ṣòkòtò rẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ tán! Nínú gbogbo wọn, aránṣọ nìkan ni ìwé náà yé.'"

"Ìwé wo? Èmi tí mo sá kúrò ní kíláàsì kejì!" Ìyá ti dìde, ó ń jó yí ẹ̀rọ ká:

"Ṣòkòtò ò délẹ̀ o, ẹnu dé òkè,
Ọ̀gágun ń pàṣẹ, kókósẹ̀ ń gbatẹ́gùn!"

Fóònù dún. Olùdarí ni.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo wọn ló ń bi mí ta ló ronú kan ṣòkòtò yẹn."

Bàbá ń ṣẹ́jú, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Sọ pé ọgbọ́n wa ni! Sọ pé a jókòó rò ó ni!"

Ìyá wo téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹnikẹ́ni ò ronú nǹkan kan. Àṣìṣe ni. Ẹ̀ẹ̀mejì la yọ mẹ́ta."

Bàbá fi ìwé ìròyìn bo ojú.

"Ìyá," olùdarí sọ, "ṣé ẹ lè ṣe àṣìṣe yẹn fún ogójì ọmọ ogun nínú fíìmù tó ń bọ̀?"

Ìyá gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Bàbá wọn, ẹ mú sísọ́ọ̀sì yín. Èmi á yọ mẹ́ta tèmi, kí ẹ̀yin náà yọ mẹ́ta tiyín. Kí ẹnikẹ́ni má sì bi ẹnì kejì léèrè!"