Ọmọ Aládùúgbò

Aránṣọ kan wà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ sì mú jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti béèrè nípa ọmọ rẹ̀ báyìí, á yára fi ètè di píìnì mú, kó má baà lè dáhùn. Ọmọbìnrin náà ti pé ọdún mẹ́jọ, kò tíì sọ̀rọ̀. Bọ́tìnnì ló fẹ́ràn. Á máa tò wọ́n sílẹ̀ ní àwọ̀ àwọ̀, á sì máa kùn bí oyin. Bí oníbàárà bá dé, ìyá rẹ̀ á fi í sẹ́yìn kọ́tìnnì tí wọ́n ti ń wọ aṣọ wò. Ẹ wo ọgbọ́n òmùgọ̀: ibi tí oníbàárà ò ní ṣàì dé ló ń fi ọmọ pamọ́ sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan wá wọ búláòsì rẹ̀ wò. Ó ká kọ́tìnnì, ó bá ọmọ nílẹ̀.

"Àǹtí télọ̀, ọmọ ta nìyí?"

Píìnì ò sí lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

"Ọmọ aládùúgbò ni, mà. Ìyá rẹ̀ ní kí n bá òun mójú tó o."

Ọmọ ò tiẹ̀ gbójú sókè. Nọ́ọ̀sì wọ búláòsì náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi bọ́tìnnì pupa kan kún ìlà àwọn pupa. Ọmọ sún un díẹ̀ kó lè tọ́.

"Ìyá rẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀ gan-an. Ìgbà wo ló máa dé?"

"Ó lè pẹ́, mà."

"Màá dúró. Mo ní irú ẹ̀ nílé. Ìyá mi ń ṣọ́ ọ. A ti fèrèsé, a ti ilẹ̀kùn. Àwọn ará ilé ò mọ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo fẹ́ bi ìyá ọmọ yìí bó ṣe ń mú tiẹ̀ jáde, tí ojú ò sì tì í."

Ojú ti aránṣọ débi pé ì bá wọlẹ̀ ká ní ilẹ̀ lanu. Bó bá dákẹ́, obìnrin yìí á dúró títí, á sanwó, á sì padà sílé lọ tilẹ̀kùn.

"Ẹ má dúró dè é, mà. Èmi ni ìyá rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú búláòsì tí kò tíì ní apá òsì.

"Ẹ̀yin náà?" ó wí. "Mo rò pé mo ti rí ẹnì kan tí kì í fi tiẹ̀ pamọ́."