Èjìká Páṣédù àti Ìràwọ̀ Òmìrán

Kò sí èjìká kankan ní ìlú Wásẹ́tì láyé ìgbà yẹn tó tó ti Páṣédù. Mo ní kò sí. Tó bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà etí odò, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á yà sínú oko àlùbọ́sà kí ó lè ráyè kọjá. Aṣọ tí ìyá ẹ̀ hun fún un, tí ọ̀tún bá wọ inú ẹ̀, òsì á wà níta. Òun náà sì mọ̀ pé òun ní èjìká. Tó bá ti rí àwọn ọmọbìnrin tó ń pọnmi, á na apá méjèèjì bí ẹyẹ tó fẹ́ fò, á ní ara ló ń ro òun.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá mú, wọ́n ní iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa jókòó.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni. Lórí òrùlé tẹ́ńpìlì òrìṣà Ámúnì, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, èèyàn méjì ló máa ń kojú síra wọn. Ọ̀kan á jókòó, kò gbọdọ̀ mira títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èkejì á di ojú kan, á fi èyí tó kù wo inú ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n là lórí, á máa ṣọ́ àwọn ìràwọ̀ tó ń kọjá lẹ́yìn ẹni tó jókòó, pàápàá àwọn tó tò bí ọkùnrin ńlá tó fi ìyẹ́ sórí, tí wọ́n ń pè ní Òmìrán. Ìràwọ̀ yìí dé èjìká ọ̀tún, wákàtí kan ti lọ nìyẹn. Tọ̀hún dé ojú òsì, òmíràn tún ti lọ. Bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí òru nìyẹn, kí wọ́n lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n jí àwọn tó ń kọrin fún òrìṣà kí oòrùn tó yọ. Àwòrán kan wà lára ògiri lórí òrùlé níbẹ̀ tó ń tọ́ wọn sọ́nà: ọkùnrin kan jókòó, ìràwọ̀ yí i ká lórí, létí, léjìká.

Ẹni tó ń jókòó tẹ́lẹ̀, Nékú, tó rí tín-ínrín bí esùsú etí odò, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé e ṣubú, ìbàdí ẹ̀ yẹ̀. Hórì tó máa ń di ọ̀pá mú, ẹ̀gbọ́n ìyá Páṣédù ni. Òun ló bá mú ọmọ àbúrò ẹ̀ wá. Páṣédù sì jókòó o! Ẹ̀fọn jẹ ẹ́ títí ó fi sú ẹ̀fọn. Lékeléke kan bà lé e lórí, ó sùn, ó jí, ó ṣu sí i lọ́rùn, ó lọ. Páṣédù ò mira.

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ariwo gba orí àtẹ̀gùn.

"Hórì! Hórì, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Tákátì ni, olórí àwọn obìnrin tó ń kọrin jí òrìṣà. Ohùn obìnrin yìí, tó bá kọrin ní Wásẹ́tì, àwọn tó wà lódìkejì odò á gbè é.

"Ìyá Olórin, ẹ káalẹ́," Hórì ní.

"Má kí mi! A kọrin òwúrọ̀ tán láàárọ̀ yìí, oòrùn ò yọ. A tún un kọ. Kò yọ. A ṣílẹ̀kùn fún òrìṣà nínú òkùnkùn birimùbirimù, a gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀ láìtíì jí! Àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú ọgbà ń wò wá bíi pé wèrè ti dé sí wa. Ta ló ní ká jí? Ìwọ!"

Ẹnì kan ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ikùn ẹ̀ ló kọ́kọ́ dé òkè, òun fúnra ẹ̀ wá dé nígbà tó yá. Bákénrè nìyẹn, ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń wo ìràwọ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò lọ́jú pọ̀," ó ní. "Ìràwọ̀ kì í yẹsẹ̀. Àwòrán kì í parọ́. Hórì ló sùn. Tó bá di ọ̀la, á bá àwọn tó ń fọ́ òkúta lọ sínú aginjù. Búrẹ́dì tẹ́ńpìlì ti tán lẹ́nu ẹ̀."

Àgbàlagbà ni Hórì. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń sinmi kó tó dé òkè. Ibi òkúta yẹn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára ló ń lọ, egungun wọn ló ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò sùn," Páṣédù ní.

Bákénrè yíjú. "Láti ìgbà wo ni àga ti ń sọ̀rọ̀?"

"Ìgbà tí irọ́ bá jókòó lé e lórí ni. Ọ̀gá, èmi ni mo kojú sí wọn. Ojú wọn là kedere bí ojú ẹja."

"Nígbà náà, kó jẹ́ ìràwọ̀ ló kúrò láyè ẹ̀." Bákénrè rẹ́rìn-ín músẹ́. "Hórì, ó yá, sọ ọ́. Sọ pé ìràwọ̀ Òmìrán ti yẹsẹ̀, kí n ránṣẹ́ sí ọba kíákíá. O ò bá gba ara ẹ là."

Hórì gbé ọ̀pá sílẹ̀.

"Mi ò ní sọ ọ́. Ìràwọ̀ márùn-ún ló ń rìn gbéregbère lójú ọ̀run, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Àwọn tó kù, ojú kan náà tí bàbá bàbá mi bá wọn ni wọ́n wà. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ò sún mọ́ ìkejì rí. Ìka mẹ́ta ló wà láàárín ìyẹ́ orí Òmìrán àti ọrùn ẹ̀ nígbà tí mo kọ́ṣẹ́. Ìka mẹ́ta náà ló wà níbẹ̀ lánàá. Ìràwọ̀ ò yẹsẹ̀. Èmi náà ò sì sùn. Ibi òkúta tẹ́ ẹ̀ ń wí, ẹ rán mi lọ, mi ò ní parọ́ mọ́ ara mi, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn."

"O gbọ́ ọ?" Bákénrè kọjú sí Tákátì. "Kò yẹsẹ̀, kò sùn. Ta ló wá ṣe é? Lékeléke?"

Páṣédù ò gbọ́ ìyẹn. Àwòrán ara ògiri ló ń wò, bí ẹni tí kò rí i rí. Ọkùnrin inú ẹ̀ tín-ínrín débi pé afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Ó wo èjìká ẹni yẹn. Ó wo tiẹ̀.

"Ọ̀gá, ta nìyí?"

Bákénrè na ọrùn sókè. "Èmi ni. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ara mi ni ọ̀gá wa àtijọ́ fi ya á. Wọ́n yà á sí àjà ibojì ọba pàápàá."

"Ẹ̀yin?" Páṣédù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin yìí? Níbo lẹ wá kó ìyókù?"

Tákátì fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá Olórin, ẹ jọ̀ọ́," Páṣédù ní, "ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ jókòó síbi tí ẹ̀gbọ́n mi ń jókòó sí. Ẹ gba ọ̀pá yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún yín."

"Obìnrin ò gbọdọ̀ di í mú!" Bákénrè ní.

"Ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ ìyẹn fún mi kí n tó kọrin fún òkùnkùn," Tákátì ní, ó sì ti jókòó.

Páṣédù jókòó sórí àga, wọ́n dúró. Òkùnkùn dé, ìràwọ̀ ìyẹ́ Òmìrán ń rọra bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún Páṣédù. Èmi ò rí i o, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìràwọ̀ náà ń dán lálẹ́ ọjọ́ yẹn débi pé àwọn apẹja rò pé ọkọ̀ ọba ló ń bọ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ sínú omi.

"Ó ti kan èjìká!" Tákátì pariwo.

Páṣédù fò dìde. Ó fa ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀, ó tì í sórí àga. "Ní báyìí ńkọ́?"

"Há! Kò tíì dé. Kò tíì dé rárá. Ó wà ní gbangba lóde."

"Ṣé ìràwọ̀ náà padà sẹ́yìn ni?"

"Níbo ló máa padà sí? Òun náà nìyẹn!"

"Ó ku ọ̀gá wa," Páṣédù ní.

Bákénrè ò mira. "Èmi? Kí n jókòó bí ọmọ iṣẹ́?"

Hórì dìde kúrò lórí àga. Látìgbà tí Bákénrè ti di ọ̀gá, "ẹ" ló ń pè é. Ó wò ó lójú báyìí.

"Bákénrè, jókòó. O ti jókòó síbẹ̀ rí. Èmi ni mo ń pọnmi fún ẹ nígbà yẹn."

"O ń bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Òkúta ni mò ń lọ fọ́ lọ́la, kí ni mo tún ń bẹ̀rù? Jókòó."

Ọ̀gá jókòó. Àga ké. Tákátì yọjú láti ẹ̀yìn ọ̀pá, ẹ̀rín gbọn án débi pé ọ̀pá fẹ́ bọ́.

"Ó ti kọjá èjìká tipẹ́! Ó ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, Bákénrè! Lára tìẹ, ó ti yẹ ká ti jí!"

"Ìràwọ̀ kan ṣoṣo, àga kan ṣoṣo," Páṣédù ní. "Àwa la fẹ̀, àwa la tín-ínrín. Àwọn ìràwọ̀ tó wà lókè ò yẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò sùn!"

Bákénrè dìde, ojú ẹ̀ le koko. "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwòrán yẹn wà ní ibojì ọba, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Ìwọ ni wàá kúrò níbí. A ó wá ẹni tó tín-ínrín. Hórì náà á lọ síbi tí mo ní kó lọ, torí ẹnu tó fi bá mi sọ̀rọ̀."

Páṣédù rìn lọ sórí àga, ó jókòó, ó na èjìká méjèèjì, wọ́n ní ọ̀tún kan Wásẹ́tì, òsì kan aginjù.

"Ẹ wá gbé mi."

Bákénrè wo àtẹ̀gùn bóyá ẹnì kan á gòkè wá ràn án lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó gòkè.

"Hórì," Tákátì ní, ó ń na ọ̀pá sí i, "ṣé o mọ ibi tí ìràwọ̀ gbọ́dọ̀ dé lára ẹni tó fẹ̀ tó báyìí?"

"Tó bá fi bí àtẹ́lẹwọ́ kan wọlé láti etí èjìká. Mo máa wò ó lóru òní, màá rí tàwọn ìràwọ̀ yòókù."

"Nígbà tí ìwọ bá ní ká jí ni màá jí àwọn ọmọ mi. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ bá mi lẹ́nu ọ̀nà, kó kọrin fún òrìṣà fúnra ẹ̀."

Tákátì sọ̀ kalẹ̀. Hórì jókòó, ó di ojú kan. Bákénrè ṣì dúró sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ọ̀gá," Páṣédù ní, kò yí ọrùn, kò ṣẹ́jú, "ẹ kúrò níwájú mi. Ẹ ń dí ẹ̀gbọ́n mi lójú."