Ìlù Tí A Kò Bèèrè Ibi Tó Ti Wá

Bí ọdún mẹ́wàá ni Barnabas káfíńtà fi bá Ọlábọ̀wálé yan odì, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò nídìí. Àyìnkẹ́, ìyá Barnabas, ló wo Ọlábọ̀wálé dàgbà nígbà tí ìyá tirẹ̀ kú. Inú abọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti jẹ iyán títí wọ́n fi di géńdé. Àmọ́ nígbà tí Àyìnkẹ́ kú, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ta àsíá òmìnira, Ọlábọ̀wálé wà ní Kùmásí ní Gánà. Kò wá sìnkú, kò kọ lẹ́tà, kò rán ẹnikẹ́ni. Barnabas bu erùpẹ̀ sí sàréè tán, ó ní òun kò ní bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Ohun tí Barnabas bá sì ti sọ, ó ti sọ ọ́ nìyẹn.

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Kwara ń lọ sí ọdún mẹ́ta ni ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù gba Àjàṣẹ́-Ìpo kó àwọn èèyàn wa wọ Òmù-Àrán ìlú wa, tẹní tìkòkò, tọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ọlábọ̀wálé bọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀kan pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ mẹ́rin, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, àti ìlù gígùn kan.

Ìlù yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán Sunday, lẹ́yìn ìsìn, àwọn tó fẹ́ràn ìlù máa ń jókòó yíká níwájú ìsọ̀ Barnabas. Barnabas fúnra rẹ̀ ń lu sámbà onígi mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ignatius, tó ti ṣe sójà dé Kóńgò, ní àkúbà, ìlù tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán lù. Abdulrasaq ará Ṣàrẹ́, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Tápà, ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu igbá ńlá tó dojú dé. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹni tó bá gbé ìró ìlù tuntun wọ agbo, olórí agbo yóò bi í léèrè ibi tó ti rí i, onílù náà yóò sì sọ ọ́ kí gbogbo agbo tó gbà á. Barnabas ni olórí agbo.

Ignatius ló mú Ọlábọ̀wálé wá. Ó jókòó, ó gbé ìlù sáàárín itan, ó bẹ̀rẹ̀. Gbì, gbì, gbì, kọ́. Awọ ni ó ń lù lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀kẹrin a sì bọ́ sí ara igi. Ignatius fi ti Kóńgò wọlé sí i, igbá Abdulrasaq tẹ̀lé e, ó sì dùn débi pé àwọn tó ń kọjá lọ dúró. Barnabas nìkan ló gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ó ti gbọ́ ìlù yìí rí. Níbo?

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wúkọ́. Ó ní kí Abdulrasaq bá òun sọ fún àlejò yẹn pé àwọn èèyàn fẹ́ mọ ibi tó ti rí i.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Abdulrasaq wí, “ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín yín.”

Ọlábọ̀wálé rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Abdulrasaq sọ fún olórí agbo pé ẹnu olórí ni òun ń dúró dè.

Báyìí ni wọ́n ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Barnabas bi Ignatius bóyá wọ́n ń lù bẹ́ẹ̀ ní Kóńgò. Ignatius ní ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí “kọ́” níbẹ̀. Abdulrasaq ní àwọn Tápà kò ní in. Barnabas ń ti rándà lórí pákó, ó ń fi ìka lu pákó náà, títí Eunice ìyàwó rẹ̀ fi bi í bóyá àga ni ó ń kàn tàbí ó ń múra ijó.

Ní Sátidé kẹrin, Eunice ń gúnyán lẹ́yìnkùlé. Ọmọ odó yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbá etí odó. Kọ́.

Rándà bọ́ lọ́wọ́ Barnabas. Àyìnkẹ́ ìyá rẹ̀ ti já bọ́ nínú ọkọ̀ rí nígbà tó ń ti Èsìẹ́ bọ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì jinná dáadáa mọ́. Tó bá ń gúnyán, á fi ọwọ́ méjèèjì gún un lẹ́ẹ̀mẹta, á yọ ọwọ́ ọ̀tún láti gbọn ìrora rẹ̀ dànù. Ọwọ́ òsì nìkan kò lè gbé ọmọ odó dáadáa, ọmọ odó a sì gbá etí odó. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gún fùfú ní Gánà náà. Odó ta ni èyí? Barnabas kò sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, bí Ọlábọ̀wálé ti jókòó, Barnabas kò wo Abdulrasaq.

“Ọlábọ̀wálé, níbo ni o ti rí ìlù yìí?”



“Lẹ́yìnkùlé yín,” ni Ọlábọ̀wálé dáhùn. “Oṣù mẹ́rin ti kọjá kí ìròyìn ikú Màmá tó kàn mí. Ojú tì mí, n kò mọ ohun tí mo lè kọ. Mo wá ń fi ìlù mi lu bí odó Màmá ṣe ń dún. Àwọn ọmọ àdúgbò kọ́ ọ. Wọ́n ń lù ú níbi ìkómọ ní Kùmásí báyìí, Àyìnkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Wọn kò mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni.”

Ọwọ́ Ọlábọ̀wálé ni Barnabas ń wò.

“Ọwọ́ ọ̀tún ni o fi ń gbá igi. Ọwọ́ òsì ni Màmá fi ń gbá a. Ọ̀tún ló ń dùn wọ́n.”

Ọlábọ̀wálé wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ó pààrọ̀ ọwọ́, ó sì ṣì í lẹ́ẹ̀mejì.

“Fi í sílẹ̀,” ni Barnabas wí. Ó gbé sámbà lé itan. “Máa lu mẹ́ta tìrẹ. Èmi ni màá máa gbá etí odó. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú ṣì wà nílẹ̀ o.”

“Mo mọ̀.”

Abdulrasaq dojú igbá dé. Ọlábọ̀wálé lu mẹ́ta, ó sì dúró de Barnabas.